Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ìsọ̀ Ìpàtẹ Ọjà Tí Òjò Yóò Kó Èèyàn Wọ̀, Tí Kò Ní Lé Wọn Jáde

Ọjọ́ kẹta ìpàtẹ ọjà kan ni. Òjò ṣú láti ìhà ìlà-oòrùn, ẹ̀fúùfù gbé eruku dìde, kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, kánópì tí a háyà ti gba omi sí ikùn bí aboyún. Pẹrẹsẹ ni wọ́n ta á, omi kò rí ọ̀nà lọ. Nígbà tí ikùn náà já, orí páálí ọjà ni gbogbo rẹ̀ dà lé. Káńtà tí wọ́n fi MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀) kàn fún wa wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Àwọn tó ń wo ọjà wa sá jáde.

Ibi tí wọ́n sá lọ ni mi ò gbàgbé. Ìyá kan wà ní ìsọ̀ kejì tó ń ta ọṣẹ dúdú àti àdí. Páànù lásán ló fi bo òkè, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí páànù náà yọ síwájú gan-an, ó sì to bẹ́ǹṣì méjì sábẹ́ rẹ̀. Abẹ́ yẹn ni gbogbo wọn rọ́ sí. Ìyá náà kò pariwo ọjà. Ó ń bu àdí sí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n fi pa apá, ó ń bi wọ́n léèrè àwọ̀ ara ọmọ wọn. Nígbà tí òjò fi máa dá, ó ti ta ju bó ṣe tà láti àárọ̀ lọ.

Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Níbi ìpàtẹ ọjà, wákàtí òjò ni wákàtí tí èèyàn máa dúró sójú kan, tí kò ní ibi tó ń sáré lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ya òrùlé kí n tó ya àmì ilé-iṣẹ́. Ìlànà tó tẹ̀ lé e yìí ni mo ń lò, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìsọ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ fún yín, ìyẹn oníbàárà yín, ni mo sì kọ ọ́ fún. Mo fi ààyè gbangba tó jẹ́ mítà 6 níbùú, mítà 6 lóòró ṣe àpẹẹrẹ, ní Tafawa Balewa Square, níbi Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé ti Èkó tí LCCI (ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àti ilé-iṣẹ́ ní Èkó) máa ń ṣe fún ọjọ́ 10 nínú oṣù Kọkànlá.

1. Ẹ bi oṣù léèrè kí ẹ tó bi oníbàárà yín léèrè àwọ̀

Oṣù Kọkànlá máa ń tan èèyàn jẹ. Òjò ti ń lọ, ọyẹ́ kò tíì dé, gbogbo ènìyàn á ní oòrùn nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí òjò ń bọ̀ àti ìgbà tó ń lọ gan-an ni ìjì líle máa ń jà jù nílẹ̀ wa. Láti ìlà-oòrùn ni àwọn ìjì wọ̀nyí ti máa ń wá: ẹ̀fúùfù á kọ́kọ́ dé lójijì, omi á tẹ̀ lé e. Ẹ rántí èyí, nítorí òun ló máa sọ ẹ̀gbẹ́ tí a ó fi ògiri dí.

Ẹ wo ibi tí oòrùn ń gbà pẹ̀lú. Ní oṣù Kọkànlá, ìhà gúúsù ló ń gbà kọjá lókè Èkó, nítorí náà ìsọ̀ tó bá kọjú sí àríwá ní ibòji látàárọ̀ dalẹ́. Ní oṣù Kẹfà, ìhà àríwá ló ń gbà, ọ̀rọ̀ á wá yí padà. Ẹni tó bá kọ́ ìsọ̀ fún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é. Lọ́dún 2024 ó bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, lọ́dún 2025 ó bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù náà, ní àárín gbùngbùn òjò. Ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé sí i lọ́dọọdún, nítorí náà àwòrán ọdún tó kọjá kì í ṣe àwòrán ọdún yìí.

Tí wọ́n bá ń pín ààyè, ẹ tètè lọ. Ẹ bèèrè èyí tó kọjú sí àríwá, tí ilẹ̀ ibẹ̀ ga díẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn nìkan ló kù, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ ya owó tapólì tó mọ́ gaara sọ́tọ̀, irú èyí tí a lè ká sókè kí a sì tú sílẹ̀ bíi kọ́tìnì.

2. Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà lẹ́yìn òjò

Ẹ má ṣe jókòó sí ọ́fíìsì yàwòrán. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí òjò rọ̀, kí ẹ rí ibi tí omi dúró sí. Tí òjò kò bá rọ̀, ẹ da kẹ́ẹ̀gì omi kan sílẹ̀ láàárín ààyè yín, kí ẹ máa tẹ̀ lé e títí yóò fi dé gọ́tà. Ọ̀nà tó gbà lọ ni omi òjò náà máa gbà.

Ẹ kan ilẹ̀ lẹ́sẹ̀. Pápá ìdíje ẹṣin ni Tafawa Balewa Square nígbà kan rí, ṣùgbọ́n lónìí ilẹ̀ líle ló wà níbẹ̀, kò ṣe é gún ní irin. Gbogbo ohun tí ẹ ti mọ̀ nípa fífi èèkàn so àgọ́ mọ́lẹ̀ kò wúlò lórí kóńkéré. Ìwúwo nìkan ló kù, a ó sì dé orí rẹ̀.

3. Òrùlé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀

Àwọn baba wa kò kọ́ ilé láìní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú agbo ilé àtijọ́, òrùlé á rọ̀ wá síwájú, omi á ṣàn sí àárín àgbàlá, àwọn obìnrin á ti gbé ìkòkò dúró dè é, àlejò á sì jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìtutù. Ó dùn mí pé a fi ọgbọ́n yìí sílẹ̀, tí a ń ra kánópì tí etí rẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ohunkóhun.

Nínú mítà 6 tí ẹ ní lóòró, ẹ fi mítà 1.5 iwájú ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ògiri níwájú rẹ̀, kò sí káńtà, bẹ́ǹṣì nìkan. Oníbàárà yín á ní kí lẹ ń fi ààyè ṣòfò fún. Ẹ sọ ìtàn ìyá ọlọ́ṣẹ fún un.

Ẹ jẹ́ kí òrùlé ga ní mítà 3 níwájú, mítà 2.4 lẹ́yìn. Ìyẹn ni pé ó ń fi sẹ̀ǹtímítà 10 sọ̀kalẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, ó sì tó fún páànù gígùn tí kò ní oríkèé. Kò tó fún tapólì rárá, nítorí tapólì máa ń dẹ̀. Tí tapólì bá ni ẹ fẹ́ lò, ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 fún mítà kan, kí ẹ fà á le koko, kí ó sì jẹ́ èyí tó nípọn, gíráàmù 650 sókè fún mítà kan níbùú lóòró. Ibi tó bá ti lè gba omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10, ní ìwọ̀n mítà kan níbùú lóòró péré, ti gbé kílò 100 sórí àwọn èèyàn yín.

Ẹ̀yìn ni kí omi dà sí. Tí ó bá dà síwájú, ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ á di aṣọ ìkélé láàárín ẹ̀yin àti àwọn tó wá ra ọjà. Ẹ tún ṣírò rẹ̀. Mílímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú lóòró jẹ́ lítà kan. Òrùlé yín jẹ́ 36. Bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ láàárín wákàtí kan, èyí tí kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ wa, lítà 1,800 ló bọ́ sórí yín. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjìléláàádọ́rin nìyẹn. Ẹ fi páànù tí wọ́n tẹ̀ bí ọpọ́n gbà á lẹ́yìn, ẹ so páìpù oní-ínǹṣì 4 mọ́ ọn ní igun méjèèjì, ẹ sì gbé páìpù náà lọ dé gọ́tà. Ẹ má tú u sí ìsọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn yín. Mo ti rí ibi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ torí èyí.

Báyìí ni mo ṣe ń lo orúkọ ilé-iṣẹ́. Òjò tí ẹ̀fúùfù ń gbé kì í rọ̀ tààrà, ó ń dagun. Bí ó bá dagun dé ìdajì, bí òrùlé bá ṣe ga tó níwájú ni omi á ṣe wọlé jìn tó. Mítà 3 ga jù. Nítorí náà, ẹ gbé pátákó orúkọ kọ́ sí etí òrùlé níwájú, kí ó wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹnu ìsọ̀ á wá di mítà 2.4. Omi á wọlé ní nǹkan bíi mítà 2.4, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á gba 1.5 nínú rẹ̀, ìwọ̀nba tó kù kò tó mítà kan. Ẹ tò gbogbo ohun tí kò gbọ́dọ̀ tutù sí ẹ̀yìn ìlà yẹn. Pátákó orúkọ ti ń dáàbò bo ọjà, kì í kàn ń ṣe ẹ̀ṣọ́. Ní ti lẹ́tà orí rẹ̀, èyí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 ṣe é kà dáadáa láti nǹkan bíi mítà 30, èyí tó ga ní 30 ṣe é kà láti bíi mítà 90. Ẹ kọ orúkọ nìkan síbẹ̀. Ẹni tó ń sá fún òjò kò ní dúró ka nọ́ńbà fóònù.

Ẹ fi ògiri dí ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn pátápátá, láti òkè délẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn lè ṣí sílẹ̀ díẹ̀ lókè kí ooru lè jáde. Èèyàn tó ń làágùn kì í pẹ́.

4. Ìwúwo: ibi tí wọ́n ti ń fi owó pamọ́, tí wọ́n sì ń kábàámọ̀

Ẹ̀fúùfù tó ń sáré kìlómítà 72 ní wákàtí kan ń ti gbogbo mítà kan níbùú lóòró pẹ̀lú agbára tó tó kílò 25. Ògiri ìlà-oòrùn yín tóbi tó nǹkan bíi 16. Ìyẹn kílò 400 tó ń ti ìsọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan náà, yàtọ̀ sí èyí tó ń wọ abẹ́ òrùlé tó sì ń gbé e sókè. Tí eré ẹ̀fúùfù bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Àpò iyanrìn mẹ́rin tí wọ́n máa ń jù sí ìdí òpó kò lè mú irú agbára bẹ́ẹ̀. Fún ìsọ̀ wa yìí, mo ń gbé dúrọ́ọ̀mù lítà 200 mẹ́ta sí igun kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bu omi kún wọn. Mẹ́ta yẹn jẹ́ kílò 600, igun mẹ́rin jẹ́ 2,400. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé dúrọ́ọ̀mù òfìfo fúyẹ́ nínú ọkọ̀, ibẹ̀ ni ẹ ti máa bu omi sí i. Ẹ kó àwọn dúrọ́ọ̀mù náà sínú àpótí pákó tí ẹ kùn ní àwọ̀ ilé-iṣẹ́. Èyí tó wà níwájú á di ìjókòó, èyí tó wà lẹ́yìn á di tábìlì.

Ẹ má fi okùn so dúrọ́ọ̀mù mọ́ òpó. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó pẹpẹ irin mọ́ ìsàlẹ̀ òpó, kí dúrọ́ọ̀mù jókòó lórí pẹpẹ náà. Okùn máa ń dẹ̀, irin kì í dẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi irin dábùú láti igun dé igun lára ògiri méjèèjì, kí ìsọ̀ má baà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gbé àwòrán yín fún ẹnjiníà ilé kó fọwọ́ sí i. Ìṣirò tèmi wà fún ìwọ̀n tí mo sọ. Tí tiyín bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ńbà á yí padà, òun ló sì máa mọ bí yóò ṣe yí.

Bánà gàgàrà tó dá dúró lórí òpó méjì, mi ò gbà á fún oníbàárà kankan mọ́. Ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ni.

5. Ohun tí a fi ń kọ́ ọ

MDF kò gbọ́dọ̀ jáde síta, bó ti wù kí ọ̀dà ara rẹ̀ dára tó. Etí rẹ̀ ló ti ń mu omi. Ẹ lo marine board (pákó tí omi kì í tètè bà jẹ́), kí ẹ fi ọ̀dà olóròóró kun etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kun ojú rẹ̀. Irin tí wọ́n jó gbọ́dọ̀ rí ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà ní ojú ibi tí wọ́n ti jó o gan-an, nítorí ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, omi ìpẹtà á sì ṣàn wá sórí àmì ilé-iṣẹ́ funfun. Bóòtù ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìṣó.

Fún bánà, ẹ sọ fún atẹ̀wé pé ìta gbangba ni ẹ ń gbé e lọ, kó má lo íǹkì inú ilé. Pupa àti yẹ́lò ló máa ń kọ́kọ́ ṣá nínú oòrùn. Tí àwọ̀ ilé-iṣẹ́ bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ fi ọ̀rá ìbòjú lé e. Ẹ ní kó ká etí bánà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, kó lu ihò onírin sí i ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí 50, kí ẹ sì fi okùn onírọ́bà so ó. Okùn onírọ́bà á gba ìjì, á sì padà sípò. Okùn lásán á fa ihò náà ya. Àwọn kan máa ń fi bíléèdì la bánà kí atẹ́gùn lè kọjá. Ibi tí wọ́n là yẹn ni yóò ti fàya. Bánà tí wọ́n hun bí àwọ̀n wà fún irú ibẹ̀.

Bánà tó bá máa kọjú sí títì gbangba lẹ́yìn ọgbà ìpàtẹ, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé LASAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó pátákó ìpolówó.

6. Ilẹ̀

Ẹ gbé ilẹ̀ ìsọ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15 lórí pálẹ́ẹ̀tì, kí omi máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Fún ìwọ̀n yẹn, gígùn ọ̀nà tó máa gba arúgbó àti ẹni tó wà lórí àga onítáyà wọlé jẹ́ mítà 1.8. Ẹ má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ tẹ́ rọ́bà oníhò tí kì í yọ̀.

7. Iná

Omi àti iná kì í ṣe eré, ẹ wá oníṣẹ́ iná gidi. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Gílóòbù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá wà níbi tí òjò lè dé gbọ́dọ̀ ní àmì IP65 lára: 6 túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọlé, 5 túmọ̀ sí pé omi tí a fọ́n sí i kò lè ṣe é ní nǹkan. Ọyẹ́ á mú eruku wá, òjò á mú omi wá, ẹ nílò méjèèjì. Kí ó fi bíréékà tó ń já ní mílí-áńpíà 30 sí ìdí iná, irú èyí tó ń gba ẹ̀mí là tí wáyà bá kan omi. Wáyà kankan kò gbọ́dọ̀ sùn nílẹ̀. Kí ó tó wọ inú ohunkóhun, kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀ kó tó gòkè, kí omi lè kán sílẹ̀ níbi tó ti tẹ̀. Ẹ bi àwọn olùṣètò léèrè ibi tí wáyà ilẹ̀ (earth) wà, nítorí ẹ kò lè gún irin sínú kóńkéré.

Jẹnẹrétọ̀, tí ẹ bá máa lò ó, kí ó jìnnà sí àwọn èèyàn, ó kéré tán mítà 6, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Láti òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ojoojúmọ́ Èkó ti ń fẹ́, yóò máa gbé èéfín náà lọ kúrò lọ́dọ̀ yín.

8. Ẹ rọ òjò tiyín kó tó rọ̀

Ọjọ́ mẹ́wàá kí ìpàtẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ to gbogbo ìsọ̀ náà sí àgbàlá wẹ́dà. Ẹ háyà táńkà omi, kí ẹ fi họ́ọ̀sì rọ̀jò lé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ rọ̀ ọ́ láti òkè, lẹ́yìn náà ẹ rọ̀ ọ́ ní ìdagun láti ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn. Kí ẹnì kan dúró sínú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, kó máa sàmì sí ibi gbogbo tó bá ń jò. Oríkèé páànù àti ìdí bóòtù ni yóò kọ́kọ́ jò, ẹ fi rọ́bà àti sílíkónì dí i lẹ́yìn tó bá gbẹ. Mi ò tíì ṣe ìdánwò yìí rí kí n má rí ibi tó ń jò.

Nígbà tí ẹ bá ń tú u, ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí òpó àti irin kọ̀ọ̀kan.

9. Nígbà tí ìjì bá ń bọ̀

Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa wo ojú ọ̀run, kí ẹ má fi í sí ìdí káńtà. Tí ẹ̀ka igi ńlá bá ń mì, tí agboòrùn sì ń ṣòroó dì mú, ẹ ká gbogbo bánà, ẹ gbé ohun tó fúyẹ́ wọlé, ẹ tú kọ́tìnì tapólì sílẹ̀. Tí ó bá jẹ́ òjò lásán, ẹ pe àwọn èèyàn wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ fún wọn ní aṣọ ìnujú, ẹ bu ohun gbígbóná fún wọn tí ilé-iṣẹ́ náà bá ń ta ohun mímu. Ẹ má sáré kó ìwé ìpolówó lé wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ wọn tutù.

Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbani lọ́wọ́ òjò ni, kò gbani lọ́wọ́ àrá. Irin ni òpó yín. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ àrá nítòsí, tàbí tí òrùlé bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ pa iná láti ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo èèyàn lọ sínú ilé gidi. Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ilé náà láti ọjọ́ kìíní, kí àwọn òṣìṣẹ́ yín sì ti rìn débẹ̀. Ẹ má padà títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó ṣí, ẹ fọwọ́ kan gbogbo bóòtù. Àwọn kan á ti tú.

10. Títú u palẹ̀

Ẹ má ká tapólì tó tutù, á ti hùkàsì kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ẹ sá a gbẹ lójú méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ tú bánà, lẹ́yìn náà ògiri, lẹ́yìn náà òrùlé. Omi inú dúrọ́ọ̀mù ni ẹ ó dà nù kẹ́yìn, nígbà tí kò bá sí ohunkóhun lókè tí ẹ̀fúùfù lè gbé mọ́.